Ẹ́ńjìnnì Tí Akọ̀wé Yà Sórí Páálí

Bí ẹ bá ń kọjá ní Siluko Road lọ́jọ́ iṣẹ́, tí ẹ sì gbọ́ jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta tó ń ké lẹ́ẹ̀kan náà lójú kan, ṣọ́ọ̀bù Èyítọ́pẹ́ Akíntáyọ̀ lẹ dé yẹn. Ọkùnrin náà ti lé díẹ̀ lẹ́ni àádọ́ta ọdún. Ó kúrú, ó sanra níwọ̀nba, èékánná rẹ̀ kì í mọ́ bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó, ó sì ní ìwà kan tó máa ń bí ìyàwó rẹ̀ nínú: kò sí ohun tó bàjẹ́ tí kì í fẹ́ tú. Aago ara ògiri, fáànù, àgádágodo, ìjà tọkọtaya. Lójú tiẹ̀, ohunkóhun tó bá ṣiṣẹ́ lánàá tí kò ṣiṣẹ́ lónìí, páàtì kan ló wà nídìí ẹ̀, kí wọ́n sáà ti wá páàtì náà rí.

Ọmọ Ìdó-Àní ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó wá kọ́ṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ní Bìní lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, kò sì padà sílé mọ́ àfi lásìkò Kérésì. Bìní ló ti fẹ́ Yétúndé, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, Bìní náà ni wọ́n ti bí Olúwadámisí, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá délẹ̀, kò sí ohun tí ẹ máa sọ tí kò ní yé e. Àmọ́ tí ẹ bá bá a sọ Yorùbá, Pijin ló máa fi dá yín lóhùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ bí Dámisí, àwọn dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ ò sì sí. Gbogbo ẹbí Èyítọ́pẹ́ wà ní Ìdó-Àní. Àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Ìfìmọ̀ṣọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá kan tí wọ́n ń ṣèpàdé ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan nítòsí Siluko Road, ni wọ́n sáré dé. Mẹ́rin nínú wọn na apá sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ náà ni Èyítọ́pẹ́ ti fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí bí ẹni fẹ́ràn ìyá. Ó di akọ̀wé wọn, ọdún mọ́kànlá ló sì fi ṣe é láìpa ìpàdé kan jẹ. Ẹgbẹ́ yìí lẹbí rẹ̀ ní ìlú tí wọn kò bí i sí.

Ìgbà tó wá di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ló ṣe ohun tẹ́nikẹ́ni ò rò. Ó forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì kan, lọ́dọ̀ àwọn tó ń kàwé lópin ọ̀sẹ̀, ó lọ ń kọ́ sosiọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé pọ̀. Àwọn mẹkáníìkì bíi tiẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n ní ṣé èèyàn ló fẹ́ máa tú báyìí ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Olùkọ́ rẹ̀ ni Dókítà Gbéminíyì, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí kì í gbé ohùn sókè. Lọ́jọ́ Sátidé kan ló sọ fún kíláàsì pé àwọn àgbà nínú ìmọ̀ náà ti fi àwùjọ wé ẹ̀rọ láyé àtijọ́: pé ó ní apá kọ̀ọ̀kan, pé apá kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, pé tí ọ̀kan bá yẹ̀, ìyókù á mì. Èyítọ́pẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè lórí àga. Látìgbà tó ti ń jókòó sẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́, tó ń gbìyànjú láti mọ ohun tí wọ́n ń sọ, òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ èdè tiẹ̀. Obìnrin náà ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé àbùkù wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, pé ó ti pẹ́ táwọn kan ti ń bá a jiyàn. Èyí kò wọ ọ̀gá mẹkáníìkì létí rárá. Ó ti ń ya ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn ìwé rẹ̀.

Nígbà tó wá di ọdún àṣekágbá, tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣèwádìí kó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ta ni kò mọ ohun tí Èyítọ́pẹ́ máa kọ? Ẹgbẹ́ Ìfìmọ̀ṣọ̀kan ni, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ. Ó ra páálí funfun kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ó ya ẹ́ńjìnnì sí i, ó sì ń fi ẹni kọ̀ọ̀kan sáyè rẹ̀. Akápò ni táǹkì epo. Alága ni ọ̀pá tó ń yí gbogbo rẹ̀. Akọ̀wé ni púlọ́ọ̀gì, torí pé láìsí iná púlọ́ọ̀gì, kí ni yóò ṣáná? Ẹ kúkú ti mọ ẹni tó jẹ́ akọ̀wé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni pístínnì, tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wọn ló ráyè, àfi ẹnì kan.

Ẹni náà ni Bàbá Èṣùbíyì, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé ìlagi kan. Iyàrá kan lẹ́yìn ilé ọkọ ọmọ rẹ̀ ní Ugbor, apá mìíràn ní Bìní, ló ń gbé. Ọ̀pọ̀ pásítọ̀ ti bẹ̀ ẹ́ pé kó fi Jésù rọ́pò ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Ó ní àwọn tó sọ òun lórúkọ náà ti kú, òun ò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tóun ti máa gba àyè. Oyè Bàbá Ẹgbẹ́ ló ń jẹ́. Tó bá dé ìpàdé, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí, kò sì ní pẹ́ sùn. Ìgbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà ìparí ló máa ń jí, òun náà ló sì máa ń ṣe àmín tó ròkè jù.

Èyítọ́pẹ́ wo páálí náà síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Kò rí ibi tó máa fi Bàbá sí. Kì í ṣe pé ó kórìíra bàbá náà, ó fẹ́ràn rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ó ń wá, kò sì ríṣẹ́ kankan. Ó kọ orúkọ Bàbá sí igun kan nísàlẹ̀, ó fà á láàlà yípo, ó kọ sí i pé: kò níṣẹ́.

Ní ìpàdé oṣù kẹfà ló gbé páálí náà lọ. Èèyàn mẹ́tàlélógójì ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ wọn. Ó gbé e kọ́ ara bọ́ọ̀dù, ó ń fi rúlà tọ́ka sí i. Àwọn èèyàn gbádùn rẹ̀. Wọ́n ń pe ara wọn ní pístínnì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹgbẹ́ fúyẹ́, kí wọ́n fagi lé oyè tí kò bá níṣẹ́ nínú, wọ́n pàtẹ́wọ́ sí i, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu wọn, wọn ò rò ó jìnnà.

Àtẹ́wọ́ náà ló jí Bàbá Èṣùbíyì. Òun náà pàtẹ́wọ́. Ó wá dìde, ó wọ ìgò ojú rẹ̀, ó rọra rìn lọ síbi bọ́ọ̀dù.

"Akọ̀wé, ibo lèmi wà níbẹ̀?"

Èyítọ́pẹ́ fi rúlà tọ́ka sí igun nísàlẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kà á. Ó ní, "Ó dáa. Òótọ́ ni," ó sì padà sí àyè rẹ̀. Kò sùn mọ́ títí ìpàdé fi parí.

Ní oṣù keje, èèyàn ọgbọ̀n ló wá. Ní oṣù kẹjọ, mọ́kàndínlógún. Èyítọ́pẹ́ ní òjò ni. Ní oṣù kẹsàn-án, oòrùn ràn dáadáa, àwọn mẹ́sàn-án péré ni wọ́n jókòó sínú gbọ̀ngàn tó gba igba èèyàn, alága sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sọ ọ́ fún àwọn àga.

Ẹ̀rù ba Èyítọ́pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹgbẹ́ ṣe bó ṣe máa ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ó ń pààrọ̀ páàtì kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó sún aago ìpàdé síwájú. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀dọ́ kan rọ́pò ẹni tó ń darí ètò. Ó ń fi ìránṣẹ́ sórí wọ́sáàpù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, gbogbo wọn ń fi àwòrán àtàǹpàkò dá a lóhùn pé àwọn ti gbọ́, tó bá sì dọjọ́ Àìkú ìpàdé, ilé ni wọ́n ń jókòó sí. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n pé méje.

Lọ́jọ́ kan tí kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù, Yétúndé bá a níbi tó jókòó tó ń wo páálí.

"Bàbá Dámisí, ẹ jẹun."

"Mo ti pààrọ̀ gbogbo nǹkan, Yétúndé. Kò sí èyí tí mi ò tíì pààrọ̀."

Dámisí, tó ń lọ aṣọ níbẹ̀, dá sí i. "Daddy, me sef no wan go again. Na only Baba dey ask me question wey he dey wait make I answer. The rest go just say I don grow."

Bàbá rẹ̀ kò fiyè sí ohun tó sọ, pé Bàbá Èṣùbíyì nìkan ló máa ń dúró gbọ́ èsì òun. Kékeré ni ọ̀rọ̀ ọmọ máa ń jọ lójú ẹni tó bá ti mọ ohun tó ń wá.

Dókítà Gbéminíyì ló là á lójú. Ó ka ohun tí Èyítọ́pẹ́ kọ, ogójì ojú ìwé, ó pa á dé.

"Ọ̀gá Akíntáyọ̀, ẹ ti sọ páàtì tó wà níbẹ̀ fún mi, ẹ sì ti sọ iṣẹ́ tí ẹ fún un. Ẹ ò tíì sọ bí ọ̀kan ṣe ń ti ìkejì. Èèyàn mẹ́tàlélógójì ló kúrò nílé wọn. Kí ló gbé wọn dìde? Kí ni ẹnì kan rí, kí ló rò, kí ló wá ṣe, tí ẹlòmíràn fi rí i tí òun náà fi ṣe tiẹ̀? Ẹ fi ẹ́ńjìnnì yìí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ lọ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bi wọ́n ìdí tí wọn ò fi wá mọ́ o, wọ́n á ní iṣẹ́ pọ̀. Ẹ bi wọ́n bó ṣe ń rí lọ́sẹ̀ tí wọ́n máa ń wá."

Ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Ọpẹ́yẹmí, tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì kan ní Airport Road. Ọpẹ́yẹmí rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ìbéèrè náà.

"Lọ́sẹ̀ ìpàdé? Bàbá Èṣùbíyì á ti yọjú lọ́jọ́bọ̀. Wọn ò ní àkáǹtì níbí o. Wọ́n á jókòó sáàárín àwọn kọ́sítọ́mà, wọ́n á máa gbádùn AC. Tí mo bá ti jáde sí wọn, wọ́n á bèèrè ìyá mi, wọ́n á bèèrè orúnkún ìyá mi. Wọ́n á wá sọ pé Morọ́láyọ̀ télọ̀ ti bímọ, pé kò tíì rẹ́ni gbé ọmọ fún un kó fi sùn. Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo wá lè gbọ́ ìyẹn kí n má wá wo ọmọ? Ìpàdé sì ni mo ti máa rí i."

Ó lọ sọ́dọ̀ Morọ́láyọ̀, tó ń ránṣọ ní Siluko Road níbẹ̀, kò ju ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá sí tiẹ̀. Morọ́láyọ̀ ní lọ́jọ́ Ẹtì ni Bàbá máa ń ya ọ̀dọ̀ òun, pé Bàbá ló sọ fóun pé Ọpẹ́yẹmí fẹ́ wá wo ọmọ òun. "Ṣé kí arábìnrin wá wo ọmọ mi kó má bá mi? Mo gbọ́dọ̀ wá nìyẹn. Kódà mo máa ń bá wọn ra ẹ̀pà dání."

Ilé mẹ́rìndínlógún ni Èyítọ́pẹ́ dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́tàlá nínú wọn ló dárúkọ Bàbá Èṣùbíyì láìjẹ́ pé ó bi wọ́n. Bàbá á wọ kẹ̀kẹ́ láti Ugbor, á kí ẹni yìí, á gbé ìròyìn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni yẹn, ẹni yẹn á fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, tó bá sì dọjọ́ Àìkú, oníkálukú ti ní ẹnì kan tó fẹ́ rí ní gbọ̀ngàn. Kò sí ẹni tó ń wá nítorí ìpàdé. Ara wọn ni wọ́n ń wá rí. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé bàbá náà kò lè ṣàìsùn tó bá dé ibẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti Ọjọ́bọ̀. Àmọ́ láti ìpàdé oṣù kẹfà, kò kan ilẹ̀kùn ẹnì kankan mọ́.

Èyítọ́pẹ́ sọ bírò sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bíi ti mẹkáníìkì tó rí ibi tí iná ti já. Lẹ́yìn náà ló rántí ẹni tó já a, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gidigidi.

Lọ́jọ́ kejì ló lọ sí Ugbor. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì níwájú iyàrá Bàbá. Ó tọrọ àforíjì. Ó ṣàlàyé gbogbo ohun tó rí, ó fi ìwé hàn án, ó ní òun ti rí i báyìí pé Bàbá gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ tó ṣòro jù nínú ẹgbẹ́. Ó ní kí Bàbá jọ̀ọ́, kó máa lọ kí àwọn èèyàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n á dá oyè padà fún un, àwọn á sì máa fi mọ́tò gbé e kiri.

Bàbá Èṣùbíyì ní kó dìde, kó jókòó.

"Èyítọ́pẹ́, mi ò bínú sí ẹ. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o. Nígbà tí mo ń lọ kí Ọpẹ́yẹmí, mo fẹ́ràn ọmọ yẹn ni. Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣiṣẹ́ kankan. O dúró níwájú gbogbo èèyàn, o ní mi ò níṣẹ́. Ó dùn mí, àmọ́ mo gbà, torí òótọ́ ni. Mo jókòó sílé, kí wọ́n má baà rò pé oyè ni mò ń wá kiri ojúlé. O tún dé lónìí, o ní iṣẹ́ ni gbogbo bí mo ṣe ń kí àwọn èèyàn láti ọdún pípẹ́ wá. Èyí dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ."

"Bàbá, ẹ má bínú."

"Mo ní mi ò bínú. Tí mo bá kan ilẹ̀kùn wọn báyìí, màá máa ronú pé, ṣé eléyìí máa wá lọ́jọ́ Àìkú? Àwọn náà á máa wò mí pé akọ̀wé ló rán Bàbá wá. Ẹ ti jọ sọ ọ́, àbí? Ilé mẹ́rìndínlógún lo sọ pé o dé. Gbogbo wọn ti mọ̀ nìyẹn. Mi ò lè ṣe é mọ́, ọmọ mi. Kì í ṣe pé mo kọ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é."

Èyítọ́pẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí, ó lọ, ó tún padà wá lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Bàbá ń sọ. Ní oṣù kọkànlá, èèyàn mẹ́rin ló wá sí ìpàdé, ilé ìwé sì gbé gbọ̀ngàn náà fún àwọn mìíràn. Bí Ẹgbẹ́ Ìfìmọ̀ṣọ̀kan ṣe dákẹ́ nìyẹn, láìsí ìjà, láìsí ẹni tó kéde rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ní yunifásítì, olùyẹ̀wò kan wá láti ìlú mìíràn, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí ọ̀rọ̀ náà wù gan-an. Ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ sọ ọ́.

"Ọ̀gá Akíntáyọ̀, ìwọ ni mẹkáníìkì. Tí o bá fura sí páàtì kan, kí lo máa ń ṣe?"

"Mo máa yọ ọ́, sà, kí n wò bóyá ẹ́ńjìnnì máa kú. Lẹ́yìn náà mo máa dá a padà, kí n wò bóyá ó máa jí."

"O ti yọ bàbá yìí, ẹgbẹ́ sì kú. Ṣé o ti dá a padà?"

"Kò ṣeé ṣe, sà."

"Nígbà náà, ìdajì ẹ̀rí lo ní."

Dókítà Gbéminíyì wo ilẹ̀. Èyítọ́pẹ́ nu ojú rẹ̀, kì í ṣe òógùn nìkan ló ń nù.

"Sà, tí èèyàn bá tú páàtì ẹ́ńjìnnì tó sì dá a padà, páàtì yẹn ò mọ̀ pé wọ́n tú òun. Àwọn èèyàn máa ń mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé mo tú wọn, wọ́n sì gbọ́ orúkọ tí mo pè wọ́n. Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyẹn. Èmi ni mo pa ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa á: ìgbà tí mo ní bàbá ò níṣẹ́, àti ìgbà tí mo ní ó ní."

Olùyẹ̀wò náà bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Ó ní kó kọ gbólóhùn yẹn sí òpin ìwé rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Ọ̀gá mẹkáníìkì yege, ó yege dáadáa ju púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń jókòó níwájú rẹ̀ lọ. Àwọn ará Siluko Road gbé e gẹ̀gẹ̀. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó lọ sílé, ó sì fa páálí náà ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, ó mú Dámisí dání, wọ́n lọ sí Ugbor. Bàbá Èṣùbíyì ń bó ọsàn lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Kò sí, Bàbá. A kàn wá kí yín ni."

"Ìwé yẹn ńkọ́?"

"Ó ti parí, sà. Mo yege."

"O kú oríire. Kí ló wá kù?"

"Kò ku nǹkan kan."

Bàbá fún Dámisí ní ọsàn, ó bi í bó ṣe ń ṣe sí nílé ìwé. Dámisí fi Pijin dá a lóhùn, Bàbá sì dúró gbọ́ ọ tán. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ ìnira iná mànàmáná. Èyítọ́pẹ́ kò bèèrè ẹnikẹ́ni, Bàbá náà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí wákàtí kan ṣe kọjá, wọ́n dìde, Bàbá sì sìn wọ́n dé ẹnu géètì. Ó di apá Èyítọ́pẹ́ mú níbẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa.

"Èyí tá a jọ sọ lónìí yìí, ibo lo máa kọ ọ́ sí?"

"Mi ò ní kọ ọ́ síbì kankan, Bàbá."

Bàbá mi orí bí ẹni tọ́rọ̀ náà ò tíì dá lójú, ó ní kí wọ́n máa lọ dáadáa. Ó dúró sẹ́yìn géètì, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi wọ kẹ̀kẹ́, kò sì juwọ́ sí wọn.